Ẹyẹ Onírin tó Bọ́ sí Òkè Agbáríẹrin

"Èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

Bí Baba Olúọdẹ ṣe bi wá nìyẹn ní ẹsẹ̀ Òkè Agbáríẹrin, ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàálù kékeré já sórí òkè wa. Ọdẹ mẹ́tàdínlógún ló dúró níwájú rẹ̀, gbogbo wa gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ohun tí etí gbọ́ nìkan la mọ̀. A gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kùn bí agbọ́n lókè kùrukùru, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù tó ń wá a kiri àgbàlá. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ìró kan, gbì! Òkè gba ìró náà, ó sọ ọ́ fún òkè kejì, òkè kejì sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta, ni gbogbo ayé bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ta ló wà nínú kùrukùru tó máa ka orí èèyàn?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, torí n kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni Ọdẹ́níran. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti fi ń ṣọdẹ nínú igbó Agbáríẹrin, mo mọ̀ ọ́n bí ahọ́n ṣe mọ ẹnu. Àgbọ̀nrín tó bá rí ojú ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀, á kọ́kọ́ padà lọ dágbére fún ìyàwó rẹ̀ kó tó jáde lọ jẹun. N kò ní sọ bí mo ṣe jí lọ́jọ́ náà àti ohun tí mo jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kó lọ bi ìyàwó mi. Oṣù kẹjọ ni, àkókò tí òjò kò rọ̀ tí oòrùn kò ràn, tí kùrukùru máa ń wọ aṣọ funfun fún òkè láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Láyé àwọn baba wa, bí òkè bá ti bo ojú, ọdẹ kì í gùn ún. Ọ̀gbun tó wà lókè yẹn kì í pariwo kó tó gbé èèyàn mì.

Baba Olúọdẹ tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Iye èèyàn tó wù kó wà níbẹ̀, ọmọ èèyàn ni wọ́n. Ta ló máa lọ?"

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ nù. Akínṣìkù, ẹgbẹ́ mi tí a jọ kọ́ ìbọn yíyìn, tó sì ti ń bá mi jà láti ìgbà náà, ló rọra wúkọ́.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, ṣebí ìwọ ni àgbọ̀nrín ń torí rẹ̀ dágbére fún ìyàwó? Òkè rè é o."

Mo ní, "Akínṣìkù, ìwọ náà ṣe ń fi ẹ̀yìn ti igi? Ṣé igi yẹn ló fẹ́ ṣubú ni, àbí ìwọ?"

"Èmi? Mo ń bá yín ṣọ́ ìsàlẹ̀ ni."

Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín, mo sì ti ki ẹsẹ̀ bọ kùrukùru kí ẹ̀rín náà tó tán. Ẹ̀yin ọmọ, ẹnu ọdẹ a máa ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi ewu. Bí ẹnu mi bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni, bóyá Akínṣìkù ni ì bá máa sọ ìtàn yìí fún yín, ẹ sì mọ̀ pé kò mọ ìtàn sọ.

Mo gun òkè títí n kò fi rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo ń fi àdá kan ilẹ̀ níwájú kí n tó gbé ẹsẹ̀, bí afọ́jú. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró kan, ṣáà, ṣáà, ṣáà. Mo tọ ìró náà lọ, mo sì bá ìyá arúgbó kan lórí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́ rárá. Òwú wà níwájú rẹ̀, ó ga tó ilé alájà méjì. Ó ń ya òwú náà sí wẹ́wẹ́, gbogbo èyí tó bá sì jù sílẹ̀ ló ń di kùrukùru, tó ń yí gbirigbiri lọ sínú àfonífojì. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ti ń rìn nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá àgbà."

"Iṣẹ́ kì í kú, ọdẹ. Èèyàn ló ń kú. Kí lo wá ṣe lórí àpáta mi?"

"Ẹyẹ onírin kan ló bọ́ sínú òwú yín, ìyá. Èèyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká òwú yìí kúrò kí n lè rí wọn."

Ó ní, "Ṣé o bá mi gbìn ín ni, tí o fi ní kí n ká a? Ẹyẹ yín yẹn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wọlé mi láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn ẹyẹ tèmi, àṣá, igún, àwòdì, bí wọ́n bá ti rí òwú mi, wọn á bà sórí igi, wọn á dúró dìgbà tí mo bá ṣíwọ́. Kí ló dé tí tiyín kì í dúró?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ẹyẹ tí èèyàn bá fi ọwọ́ ṣe, ìkánjú èèyàn ló máa ń wà nínú rẹ̀."

Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn yẹn, ó sì ju òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Dá mi lóhùn kan, kí n rí i bóyá o ní ohun tí a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kí ni ọdẹ ń rù kiri tó wúwo ju ẹfọ̀n lọ, tí kì í fi òṣùká sí i, tí kì í sì í rẹ̀ ẹ́?"

"Ìbọn ni."

"Ìbọn a máa rẹ̀ ọ́. Mo ti rí ọ tí o fi í ṣe ọ̀pá."

"Orúkọ baba mi ni."

"Baba rẹ ló ru ìyẹn. Ìwọ kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Ojú tì mí, inú sì bí mi díẹ̀. Mo lanu, mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Èmi tí mo pa ẹfọ̀n ní Odò Alágẹmọ..." Mo sì pa ẹnu dé lójú ẹsẹ̀, torí mo gbọ́ ohun tó ń jáde níbẹ̀. Mo ní, "Ìfọ́nnu mi ni."

"Òun ni," ni ó wí. "Ìtàn ẹfọ̀n yẹn ni kí o gbé sílẹ̀ fún mi. Èmi á ká òwú títí oòrùn á fi kan àtàrí. Lẹ́yìn náà, màá tú u padà, ẹni tó bá sì bá lórí òkè, kó má bá mi wí."

Háà! Ìtàn tí mo ń sọ níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìsìnkú, lójú àna! Mo ronú kan àwọn tó wà nínú ẹyẹ onírin náà, mo bá ní kó máa mú un. Ìyá nawọ́ sí ẹnu mi, ó fa ìtàn náà jáde bí òwú, ó sì ká a mọ́ igi ìrànwú rẹ̀, ó ká, ó ká, ó gùn ju bí mo ti rò lọ. Lónìí, bí ẹ bá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ẹfọ̀n Odò Alágẹmọ, ńṣe ni màá máa wò yín. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí. Ẹ má wulẹ̀ rán mi létí. Ó ti di ìtàn ẹlòmíràn.

Bí ìyá ṣe ká òwú báyìí, ojú òkè là kedere. Mo rí i nísàlẹ̀ àfonífojì: ẹyẹ funfun kan tó fi imú gún ìdí àràbà, apá rẹ̀ kan ti kán, ó sùn sórí koríko. Ẹ má rò pé mo sáré tọ̀ ọ́ lọ. Ẹnì kan ti ṣáájú mi débẹ̀. Kò ga ju ìkòkò omi lọ, orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ojú kan ṣoṣo tó ní sì ń yí po níwájú orí rẹ̀ bí ọkọ̀ kékeré tó ń wá ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Olókòtò ni, iwin tó ni ọ̀gbun. Ó ti yọ àáké, ó fẹ́ kun ẹyẹ náà.

"Ta nìyẹn?" ni ó ké. "Ẹran mi ni o! Inú oko mi ló bọ́ sí."

Mo ní, "Ta ló yìnbọn fún un?"

"Òkè ló yìnbọn fún un. Òkè ló bí mi."

Mo mọ̀ pé bí mo bá fi agbára sọ ọ́, àáké yẹn á dáhùn. Mo bá jókòó sórí òkúta, mo yọ obì, mo là á sí méjì, mo fún un ní ọ̀kan. Ọdẹ kì í bá ẹni tó bá ń jẹ obì jà. Mo ní, "Olókòtò, ìwọ àti èmi, ọmọ igbó kan náà ni wá. O mọ òfin. Ẹran tí ọdẹ ń tọpa rẹ̀, tó wá kú sínú oko olóko, báwo la ṣe ń pín in?"

Ó jẹ obì náà, ojú rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Olóko ló ni itan."

"Ẹni tó ń tọpa ńkọ́?"

"Ó ni inú."

"Èmi ni mo ń tọpa rẹ̀ láti àárọ̀. Mú itan tìrẹ, kí n mú inú tèmi."

Ó wo apá tó kán náà, ó gùn, ó ń dán. Ó wo ikùn ẹyẹ náà, ó ti rún. Ó ní, "Kí ló wà nínú inú?"

"Ohun tó máa ń wà nínú inú ẹran: ẹ̀dọ̀, ìfun, wàhálà."

"Inú a máa tètè rà," ni ó wí. Ó gbé apá náà kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń wọ́ ọ lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi kérora nínú bàálù. Olókòtò yíjú padà. "Inú rẹ ń sọ̀rọ̀!"

"Ẹran tútù ni," ni mo wí. Mo sì ń gbàdúrà pé kó máa lọ. Ó lọ, àmọ́ ó ń bojú wẹ̀yìn.

Obìnrin kan ni mo kọ́kọ́ rí nínú bàálù náà. Dókítà Títílọlá ni, dókítà ojú tó ń lọ ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọdé ní ìlú kan lẹ́yìn òkè. Apá rẹ̀ òsì ti wú, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹsẹ̀ awakọ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà tán. Adéṣọjí ni orúkọ awakọ̀ náà, ọmọkùnrin tí kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bẹ́líìtì dúdú tó dè é mọ́ ìjókòó ti há, mo fi àdá gé e kúrò ní ìbàdí rẹ̀, mo fi igi gbé irin tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ sókè, mo sì wọ́ ọ jáde. Kò kí mi, kò dúpẹ́.

"Baba, ṣé ẹ rí màmá mi?"

"Màmá wo?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn. Ìjókòó kẹta wà níbẹ̀, òfìfo. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́.

Dókítà ló sọ èyí tó kù. Ọdún mẹ́fà ni ọmọkùnrin yìí ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá wọ bàálù òun lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ yẹn ni ìyá gbà, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní ìlú tí wọ́n ń lọ. Ojú ọjọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé àárín òkè, funfun bò wọ́n. Adéṣọjí sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ kùrukùru kó lè máa wo títì tẹ̀ lé, títì wọ àárín òkè méjì, òun náà wọ ibẹ̀, kò sì sí àyè láti yí padà mọ́.

Dókítà ní, "Mo sọ fún un pé ká padà. Ó ní ó ku díẹ̀."

"Mo ń rí ojú màmá mi nínú dígí," ni Adéṣọjí wí. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n dé." Ó fi ọwọ́ méjèèjì di gbòǹgbò àràbà mú. "Baba, ẹ máa gbé dókítà lọ. Èmi kò kúrò níbí láìsí màmá mi."

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo wá ìyá náà. Mo rí ibi tí ewé ti tẹ́, bí ẹni pé wọ́n ju nǹkan sí i. Mo rí ojú ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kékeré tí kò wọ bàtà, nínú ẹrẹ̀, lẹ́yìn náà ojú ẹsẹ̀ dé orí àpáta, àpáta kì í sì í tọ́jú ẹsẹ̀ fún ẹnì kankan. Mo pe "Ìyá o!" títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Òkè nìkan ló dá mi lóhùn. Oòrùn ti sún mọ́ àtàrí. Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin yẹn, mo bá a tí ètè rẹ̀ ti funfun.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá rẹ rìn kúrò níbí fúnra rẹ̀. Ẹni tó lè rìn kò tíì kú. Ìwọ ni o kò lè rìn."

"Bí wọ́n bá padà wá síbí tí wọn kò bá mi ńkọ́?"

Dókítà kò jẹ́ kí n dáhùn. "Ṣọjí! Bí màmá bá padà tí wọ́n bá òkú rẹ níbí, kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n ní ó ku díẹ̀ náà ni?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fa àdá yọ, mo fi ahọ́n kàn án. Mo ní, "Mo fi irin búra. Bí mo bá gbé ọ dé ìsàlẹ̀, n kò ní jókòó, n kò ní jẹun. Màá yí padà sórí òkè yìí, màá sì wá ìyá rẹ, ìbáà ṣe inú kùrukùru." Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ mi: mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó bá wọ ọ̀gbun yẹn nígbà tí òwú bá ti padà, ọmọ rẹ̀ ló máa jogún ìbọn rẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Mo bọ́ ẹ̀wù ọdẹ mi, mo fi pọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Ọdẹ́níran pọn ọkùnrin tó hu irùngbọ̀n sẹ́yìn, mo so ó níwájú bí ìyá ọlọ́mọ, dókítà sì di ìbàdí mi mú. Ìdajì ọ̀nà ni a dé tí oòrùn fi kan àtàrí. Funfun sì dé. Ó kọ́kọ́ bo ẹsẹ̀ wa, lẹ́yìn náà ó bo orúnkún, lẹ́yìn náà ó bo gbogbo nǹkan. Inú rẹ̀ la wà tí ohùn kan fi pè láti ẹ̀yìn.

"Ọdẹ́níran! O tàn mí! Inú kì í kérora! Ọdẹ́níran!"

Ọdẹ kì í jẹ́ ìpè nínú kùrukùru. Bí o bá dáhùn, o ti fi ojú ọ̀nà hàn án. Adéṣọjí, ọmọ ìgboro, ti fẹ́ dáhùn fún mi, dókítà bá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. A dúró bí igi. A gbọ́ tí Olókòtò ń na apá ẹyẹ náà, fìì, fìì. Ó fẹ́ fò wá bá wa. Ó sì fò lóòótọ́! Ó kọjá lókè orí wa, atẹ́gùn rẹ̀ gbá fìlà mi lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé òun ti di ẹyẹ. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ lára àpáta iwájú, gbì! Apá ẹyẹ ló gbà, kò gba ojú ẹyẹ. N kò mọ bó ṣe ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo mọ̀ pé kò pe orúkọ mi mọ́.

A jáde sí ìsàlẹ̀ òkè. Ariwo sọ. Àwọn ọdẹ gba ọmọkùnrin náà lẹ́yìn mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n pagbo yí i ká. Akínṣìkù dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi. Baba Olúọdẹ bi mí, mo ní mẹ́ta ni wọ́n, ẹ̀kẹta ṣì wà lókè, mo sì ti búra. Akínṣìkù tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Ó ní, "O kò ní bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Ọdẹ́níran." Mo ní mo mọ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà wa kan fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Bí ọdẹ bá gun òkè nígbà ewu, àwọn ìyá ọdẹ á gbé ìkòkò wá sí ẹsẹ̀ òkè, wọn á máa dáná, wọn kò sì gbọdọ̀ pa iná títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi obìnrin kan níbẹ̀ pé, "Ìyá ta ni yín?" Ìbéèrè yẹn burú. Ó dà bíi pé o ń yan ọmọ tó máa kú. Nítorí náà ìyá ni gbogbo wọn, a ó kí wọn, a ó kọjá. Mo lọ sídìí iná, mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Ìyá kan tí kò tóbi lára, tó ń bó iṣu, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bu omi fún mi, mo mu ún, mo ní, "Ẹ ṣé, ìyá," ó ní kí n má dúpẹ́. Mo kọ ojú sí òkè.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni mo gbé. Mo dúró. Mo yíjú padà, mo tún wo ìbàdí ìyá náà. Lórí ìró aṣọ òkè rẹ̀, bẹ́líìtì dúdú kan tó fẹ̀ ló so mọ́ ọn, tí irin rẹ̀ ń dán níwájú, tí ìdí rẹ̀ méjèèjì sì ya bí aṣọ tí ajá fà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá gé èkejì rẹ̀ ni.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ ti rí àmùrè yìí?"

Ó fi ọwọ́ sí etí. Ìró bàálù ti di í létí. Mo tún un sọ, mo pariwo.

Ìyá Akínṣìkù ló dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọkàn wọn kò balẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé ọmọ àwọn wà lókè. Mo ní, ìyá, ọmọ tó bá wà lókè, ṣebí ọmọ gbogbo wa ni? Ẹ jókòó, ẹ bá wa bó iṣu."

Ìyá náà gbọ́ mi wàyí. Ó fi ọwọ́ bo irin bẹ́líìtì náà, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi ló dè é mọ́ mi láàárọ̀," ni ó wí. "Ó ní n kò gbọdọ̀ tú u o, àfi bí òun bá sọ fún mi."

Mo ké sí àwọn ọdẹ pé kí wọ́n yàgò. Wọ́n yàgò. Adéṣọjí gbé orí sókè lórí ẹní, ó wo ìdí iná, ó wò ó pẹ́.

"Màmá," ni ó wí. "A ti dé. Ẹ lè tú u."